Ajá Olójú Mẹ́rin: Ẹ̀kọ́ lórí Àmì Òkè Ojú Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Tí Ó Yẹ Ẹ́

Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn tí Ọlọ́run fi jíǹkí ènìyàn, kò sí èyí tí ó súnmọ́ wa tó ajá. Ewúrẹ́ a máa wá ilé nítorí èèpo iṣu, adìyẹ a máa wá a nítorí àgbàdo. Ṣùgbọ́n ajá a máa bá olówó rẹ̀ lọ sí oko ní òwúrọ̀, a sì máa bá a padà ní ìrọ̀lẹ́, ìbáà ṣe ọjọ́ oúnjẹ tàbí ọjọ́ ebi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kọjá, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, yóò rí ajá lẹ́bàá ọjà, lẹ́bàá òkìtì iṣu, àti lẹ́yìn àwọn àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀. Irú kan wà tí ara rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí ó ní àmì róbótó méjì, pupa rúsúrúsú, lókè ojú rẹ̀ méjèèjì, ní ibi gan-an tí irun òkè ojú ènìyàn máa ń wà. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá sùn, tí ó sì di ojú rẹ̀, ẹni tí ó wà ní òkèèrè lè rò pé ó ń wo òun síbẹ̀. Nítorí èyí ni a fi ń pè é ní olójú mẹ́rin.

Lórí ajá yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Àwọn kan a máa bẹ̀rù rẹ̀, wọn a sì máa lé e kúrò ní ilé. Àwọn mìíràn a máa gbẹ́kẹ̀ lé àmì rẹ̀, bí ẹni pé ajá tí ó ní ojú mẹ́rin kò nílò ẹni tí yóò bójú tó o. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà. A fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí mọ ohun tí àmì náà jẹ́, kí ó mọ ohun tí kò jẹ́, kí ó sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, kí ajá náà àti àwọn ọmọ tí ń bá a ṣeré lè wà ní àlàáfíà.

I. OHUN TÍ ÀMÌ NÁÀ JẸ́

Àmì òkè ojú kì í ṣe ojú, kì í ṣe egbò, kì í sì í ṣe àpá. Irun lásán ni. Kò sì dá wà ní òkè ojú nìkan. Ẹ wo ajá náà dáradára, ẹ ó rí àwọ̀ pupa kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní àyà rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ní abẹ́ ìrù rẹ̀.

Aró méjì ni Ẹlẹ́dàá fi kun irun ajá. Ọ̀kan dúdú, tàbí kí ó rí bí àwọ̀ ilẹ̀; èkejì pupa, tàbí kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn ni ó máa ń funfun. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ohun àjogúnbá kan wà nínú ara ajá, tí wọ́n ń pè ní agouti, èyí tí ń pàṣẹ ibi tí aró dúdú yóò gbé wà àti ibi tí aró pupa yóò gbé hàn. Irú agouti tí ń mú àmì òkè ojú wá a máa fara pamọ́. Bí ọmọ ajá bá gbà á láti ọ̀dọ̀ baba nìkan, tàbí láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, a kì í sábà rí i lára rẹ̀. Bí ó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, nígbà náà ni ó lè hàn gbangba.

Nítorí náà, akọ ajá dúdú àti abo ajá dúdú lè bí ọmọ olójú mẹ́rin láàrin àwọn ọmọ dúdú. Kò sí àjèjì nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn ti lè jọ bàbá àgbà rẹ̀ tí ó ti kú kí a tó bí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ tí ó fara pamọ́ lára òbí lè jáde lára ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ sọnù sínú igbó, kí ó má sì ṣe sọ pé ibi ni ó mú wá.

Àmì yìí kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ Jámánì, ajá Rottweiler, tí a fi orúkọ ìlú Rottweil pè, ní i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá Dobermann, tí a fi orúkọ Karl Friedrich Louis Dobermann ti ìlú Apolda pè, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin irú ajá náà ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ajá méjèèjì yìí ni àwọn ènìyàn ń sìn ní ìlú ńláńlá wa lónìí láti ṣọ́ ilé. Nínú igbó Kóńgò ẹ̀wẹ̀, ajá kan wà tí a ń pè ní Basenji, tí kì í sábà gbó. Lára àwọn náà ni a ti ń rí àwọn tí ó ní àmì òkè ojú. Nítorí náà, àmì kan náà lè wà lára ajá tí a fi owó ńlá rà àti lára ajá ilé tí aládùúgbò fi ta wá lọ́rẹ.

II. OHUN TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN TI RÒ NÍPA RẸ̀

Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń wo àmì yìí pẹ̀lú ìyanu. Ní ilẹ̀ Páṣíà àtijọ́, àwọn tí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Zoroaster a máa mú ajá wá síwájú òkú kí ó lè wò ó, ajá olójú mẹ́rin sì wà lára àwọn tí ìwé wọn yàn fún iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìwé àtijọ́ tí a ń pè ní Rigveda sọ̀rọ̀ nípa ajá méjì olójú mẹ́rin tí ń ṣọ́ ọ̀nà ilé Yama, ọba àwọn òkú. Láàrin àwọn daran-daran ilẹ̀ Mòǹgólíà pẹ̀lú, a ka irú ajá yìí sí ajá tí ó ríran ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ tiwa, a máa ń gbọ́ pé ajá a máa rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Bí ajá bá ń gbó ní òru sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, àwọn kan a ní iwin ni ó rí. A bọ̀wọ̀ fún ìrònú àwọn baba wa, nítorí wọn kò ṣàì rí ohun kan: lóòótọ́ ni ajá ń mọ̀ ohun tí àwa kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀nà tí ó gbà ń mọ̀ ọ́n.

Ìró tí ó mì tìtì tó ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òpin èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́. Etí ajá a máa gbọ́ èyí tí ó mì tó 45,000. Imú rẹ̀ a máa gbóòórùn ẹni tí ó ti kọjá lọ láti wákàtí púpọ̀. Ní ẹ̀yìn ẹyin ojú rẹ̀, ohun kan wà tí ń dán bí dígí, tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òun ni ó mú kí ojú rẹ̀ máa tàn bí a bá tan iná sí i lóru, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ó ríran níbi tí òkùnkùn ti borí tiwa. Nítorí náà, òkété tí ń wa ilẹ̀, ejò tí ń wọ́ lọ, tàbí olè tí ó dúró lẹ́yìn ògiri, ni ajá lè máa gbó. Ajá tí ó ní àmì òkè ojú àti ajá tí kò ní in, ọgbọọgba ni wọ́n nínú ẹ̀bùn yìí.

Ohun kan wà tí òkè ojú ajá ń ṣe ní tòótọ́. Ní ọdún 2019, Juliane Kaminski ti Yunifásítì Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé ajá ní iṣan kan lókè ojú tí ń gbé apá inú òkè ojú náà sókè, ṣùgbọ́n pé iṣan náà kò sí lára ìkookò bẹ́ẹ̀, àfi fọ́nrán tín-ín-rín. Òun ni ajá fi ń wo ni bí ọmọ tí ń bẹ̀bẹ̀. Agbègbè iṣan yìí ni àmì olójú mẹ́rin wà. Ẹni tí ó bá mọ ojú ajá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kì yóò pẹ́ mọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí: ojú méjì péré ni ajá náà ní. Ojú méjì tí ó kù, ojú ẹni tí ó ni ín ni. Bí olówó rẹ̀ kò bá wò ó, ojú mẹ́rin náà fọ́.

III. OÚNJẸ ÀTI OMI

Kí ọmọ ajá má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lẹ́nu ọmú ni ó ti ń rí agbára, láàrin àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ bí a ti í ṣeré láì bu ni jẹ. Lẹ́yìn tí ó bá ti já lẹ́nu ọmú, kí a máa bọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ní díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀mejì tó.

Ẹ̀bà àti àmàlà nìkan kò lè gbé ajá dàgbà. Kí a fi orí ẹja, ẹran, ẹyin, tàbí ẹ̀wà sísè kún un. Kí a má ṣe bù ú nínú ọbẹ̀ aláta, kí a má sì ṣe fún un ní oúnjẹ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó, a sì lè gún un ní ọ̀fun tàbí ní ìfun.

Omi mímọ́ gbọdọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ìmí rẹ̀ tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Àwọ̀ dúdú a sì máa fa oòrùn mọ́ra, nítorí náà, olójú mẹ́rin tí ara rẹ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wà lórí ìdè nínú oòrùn ọ̀sán. Kí a so ó sí abẹ́ igi, kí okùn rẹ̀ sì gùn tó láti dé ibi omi.

IV. EWU KÒKÓ

Ẹ̀yin ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ fi etí sí èyí gidigidi. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ń mú kòkó jáde jùlọ ní Nàìjíríà, a sì máa ń sá kòkó sí gbangba, níbi tí ajá ti ń kọjá. Nínú hóró kòkó ni ohun kan wà tí a ń pè ní theobromine. Ara ènìyàn a máa tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara ajá kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. A máa pẹ́ nínú rẹ̀, a sì máa da ọkàn rẹ̀ láàmú.

Nínú 100 gíráàmù hóró kòkó gbígbẹ, a lè rí gíráàmù kan sí méjì ohun yìí. Hóró kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn gíráàmù kan. Ajá kékeré tí ó wọn kìlógíráàmù 10 lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn bí ó bá jẹ hóró 10 sí 20. Bí ó bá jẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì, ọ̀rọ̀ náà lè di ti ikú. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àìlè dúró lójú kan, ọkàn tí ń lù kìkì, ara gbígbọ̀n, àti gìrì. Obì àti ṣokoléètì wà nínú ewu kan náà.

Kí a ṣe ọgbà yí ibi tí a ń sá kòkó sí ká, tàbí kí a so ajá títí a ó fi kó o wọlé. Bí ajá bá ti jẹ ẹ́, kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì sọ iye tí a rò pé ó jẹ àti àkókò tí ó jẹ ẹ́. Kí a má ṣe rọ epo pupa sí i ní ọ̀fun, nítorí epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a sì tọ́jú oògùn kòkòrò tí a ń fín sí oko àti oògùn eku sí ibi gíga tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ajá púpọ̀ ni ó ti tipa wọn kú.

V. OJÚ ÀTI AWỌ

Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù nu ojú ajá. Kí a lo aṣọ rírọ̀ kan fún ojú ọ̀tún, kí a lo òmíràn fún ojú òsì, kí àrùn ojú kan má baà wọ èkejì. Bí ojú bá pọ́n, tí ó ń ṣepin, tàbí tí ó funfun bí ìkùukùu, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni ibi tí ó kàn. Kí a má ṣe kán omi ewé tàbí oògùn ojú ènìyàn sí i.

Ẹ̀yin ọdẹ, ejò kan wà nínú igbó wa tí ń tutọ́ oró sí ojú. Bí ó bá tu ú sí ojú ajá yín, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, kí ẹ tó gbé e lọ fún ìtọ́jú. Ìyára yín ni yóò gba ojú náà là.

Bí irun àmì òkè ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í re, tí awọ abẹ́ rẹ̀ sì pá, kì í ṣe pé ojú kẹta ń là. Ó lè jẹ́ kòkòrò kékeré tí a kò lè fi ojú lásán rí, tí ń gbé nínú ihò irun, tí ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyíká ojú ọmọ ajá. Irú kòkòrò mìíràn wà tí ń mú kí ajá máa họra tọ̀sán-tòru. Èyí lè ràn mọ́ àwọn ará ilé. Àwọn kan a máa fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò pa ajá lára fún èyí. Ìwà ìkà ni láìmọ̀, nítorí ọ́ìlì náà ń jó awọ, ajá a sì máa lá a mì. Oògùn tí ó dára wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ajá ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú bù ú.

VI. EÉGBỌN, ARÀN ÀTI ÀRÙN ỌMỌ AJÁ

Eégbọn a máa fara pamọ́ sínú etí, sí abẹ́ ọrùn, àti sí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí a máa wò ó lójoojúmọ́ ní àkókò òjò. Kí a fi ẹ̀mú kékeré di orí eégbọn mú níbi tí ó ti kan awọ, kí a fà á jáde gbọnrangandan, kí a sì sọ ọ́ sínú iná tàbí sínú omi ọṣẹ. Kí a má ṣe fi èékánná fọ́ ọ. Bí èrìgì ajá bá funfun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pupa dúdú, eégbọn lè ti kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe dúró di ọ̀la.

Aràn a máa wọ ara ọmọ ajá láti inú ìyá rẹ̀ wá. Kí a fún un ní oògùn aràn nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹyin aràn yìí a máa bá ìgbẹ́ ajá jáde. Bí ọmọ ènìyàn bá fi ọwọ́ ìdọ̀tí gbé e mì, ó lè dé ojú ọmọ náà, kí ó sì ba ìríran rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí a máa kó ìgbẹ́ ajá sin, kí àwọn ọmọ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Àrùn kan wà tí a ń pè ní parvo, tí ó kọ́kọ́ hàn ní ayé ní nǹkan bí ọdún 1978. A máa mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, a sì lè pa á láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ Rottweiler àti Dobermann a máa fara gbá a ju àwọn mìíràn lọ. Ìdílé wọn ni ó fà á, kì í ṣe àmì òkè ojú wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a ó sì tún un ṣe títí ọmọ ajá yóò fi pé oṣù mẹ́rin.

VII. DÌGBÒLUGI

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ẹ̀kọ́ wa. Ajá olójú mẹ́rin lè ní dìgbòlugi gẹ́gẹ́ bí ajá yòókù. Àmì òkè ojú kò dáàbò bò ó, ìgboyà kò dáàbò bò ó, àgbàlagbà kò sàn ju ọmọ ajá lọ níbẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni a ṣírò pé àrùn yìí ń pa ní ayé, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 ènìyàn tí ó kó o, 99 gbà á láti ara ajá. Ìdá tí ó pọ̀ nínú wọn ni ọmọdé, nítorí ọmọdé ni ń bá ajá ṣeré, ọmọdé ni kì í sì í sọ fún òbí bí ajá bá bù ú jẹ, nítorí ìbẹ̀rù ẹgba.

Ẹ kíyèsí ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà: onírẹ̀lẹ̀ tí ó di òǹrorò, tàbí òǹrorò tí ó wá ń fara mọ́ ènìyàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ; èyí tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ já sílẹ̀, tí ó ń bu igi àti òkúta jẹ, tàbí tí ó dákẹ́ sínú òkùnkùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e. Àwọn àgbà ní, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí kò dá ohùn olówó rẹ̀ mọ̀ mọ́, kí gbogbo ilé ṣọ́ra fún un. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ó ha á ní èékánná, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

1. Kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Kí a ṣe é lójú ẹsẹ̀.
2. Kí a má ṣe fi ata, epo, ewé, iyọ̀ tàbí ẹtù sí i. Kí a má ṣe dì í pinpin.
3. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. A ó gbà á léraléra láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kò sì sí èyí tí a gbọdọ̀ fò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, irú oògùn kan wà pẹ̀lú tí a máa ń gún sí àyíká egbò náà.
4. Bí ajá náà bá ṣeé dè láìsí ewu, kí a dè é, kí a sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ó bá kú tàbí tí ó ṣàìsàn láàrin ọjọ́ wọ̀nyí, kí a sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dúró de ọjọ́ 10 kí ẹni tí a bù jẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Àrùn náà lè sùn nínú ara fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn títí di ọdún kan. Nígbà tí ẹ̀rù omi àti gìrì bá bẹ̀rẹ̀, oògùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ìgbàlà ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ ọdún 1885, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pasteur mú kí a gún ọmọ ọdún 9 kan tí ń jẹ́ Joseph Meister ní abẹ́rẹ́ tuntun, lẹ́yìn tí ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ yánnayànna. Ọmọ náà yè, ó sì dàgbà. Ọjọ́ 28 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọjọ́ tí Pasteur kú ní 1895, ni a fi ń ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi ní gbogbo ayé.

Ó sàn kí a gún ajá lábẹ́rẹ́ ju kí a gún ọmọ lọ. Nígbà tí ajá bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, a máa ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè wa. Kí a tọ́jú ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà bí ìwé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sí àwọn ará wa ní Oǹdó àti ní ibi gbogbo tí a ti ń pa ajá. A mọ̀ pé àwọn olùbọ Ògún a máa fi ajá rúbọ, àti pé àwọn kan a máa jẹ ẹran rẹ̀, tí a ń pè ní lokili. Ìgbàgbọ́ Kristi kò ní kí a fi ajá rúbọ, ṣùgbọ́n ìlera ni ọ̀rọ̀ wa níhìn-ín, ti gbogbo ènìyàn sì ni. Inú ọpọlọ àti itọ́ ajá ni àrùn náà ń gbé, itọ́ sì lè ní i ní ọjọ́ díẹ̀ kí ajá tó fi àmì kankan hàn. Ẹni tí ń pa á, tí ń la orí rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ní egbò, wà nínú ewu ju ẹni tí ń jẹ ẹ́ lọ, nítorí iná a máa pa kòkòrò náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ajá tí ó bu ènìyàn jẹ láti jẹ ẹ́, kí ó má sì ṣe rà á láti tà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ajá, kí òun fúnra rẹ̀ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà.

VIII. ÌRÁNTÍ OṢÙ DÉ OṢÙ

Ṣẹẹrẹ àti Èrèlè: Ọyẹ́ àti eruku. Ẹ máa nu ojú ajá. Ẹ fi ẹní tàbí àpò gbígbẹ sí ibi tí ó ń sùn.
Ẹrẹ́nà: Ooru mú. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Oògùn aràn.
Igbe títí di Okúdù: Òjò dé, eégbọn dé. Ẹ yẹ etí àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́. Oògùn aràn ní Okúdù.
Agẹmọ àti Ògún: Ẹ tún ilé ajá ṣe kí omi má baà wọ inú rẹ̀.
Ọwẹ́wẹ̀: Ọjọ́ 28, Ọjọ́ Dìgbòlugi. Ẹ mú ajá yín lọ gba abẹ́rẹ́. Oògùn aràn.
Ọ̀wàrà àti Bélú: Kòkó ń bẹ lórí ẹní. Ẹ so ajá, ẹ ṣe ọgbà.
Ọ̀pẹ̀: Ọdún Kérésìmesì. Ẹ má ṣe ju egungun adìyẹ sísè fún ajá. Oògùn aràn.

ÌPARÍ

Ìwé Òwe, orí kejìlá, ẹsẹ kẹwàá, kọ́ wa pé a lè mọ olódodo nípa bí ó ti ń ṣe sí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ajá kò lè sọ pé inú ń run òun. Kò lè ka ìwé láti mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa sì ní, ajá tí ó bá ní ènìyàn lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Ìwọ tí o ni olójú mẹ́rin, má ṣe wo àmì orí rẹ̀ kí o sùn. Ìwọ ni ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ ni ó ń fi ríran jìnnà. Kí Olúwa bùkún ilé, oko àti ohun ọ̀sìn gbogbo yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ

1. Kí ni àmì òkè ojú ajá olójú mẹ́rin jẹ́? Dárúkọ ibi mẹ́ta mìíràn tí àwọ̀ náà máa ń hàn sí.
2. Báwo ni ajá dúdú méjì ṣe lè bí ọmọ olójú mẹ́rin?
3. Nítorí kí ni ajá fi lè gbó sí ohun tí àwa kò rí?
4. Èéṣe tí kòkó fi jẹ́ ewu fún ajá ju fún ènìyàn lọ?
5. Ajá bu àbúrò rẹ jẹ lọ́nà odò. Sọ ohun tí ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe, àti iye ìṣẹ́jú tí ìwọ yóò fi ṣe é.
6. Ọjọ́ wo ni ajá ilé yín gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, béèrè lọ́wọ́ baba rẹ lónìí.